AppDomain: Ògiri Tí Kò Nípọn Tó Bí Wọ́n Ṣe Polongo Rẹ̀

Nígbà tí Microsoft gbé .NET Framework jáde lọ́dún 2002, AppDomain wà lára ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí pùrógíráámù méjì máa da ara wọn láàmú ti máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní process tirẹ̀, èyí sì ń jẹ mẹ́mórì. AppDomain ní kí wọ́n jọ máa gbé inú process kan bí ayálégbé inú ilé kan, kí kálukú ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dá yàrá náà sílẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí ẹnikẹ́ni tó pe CreateDomain láti dá a sílẹ̀, yóò ti to AppDomainSetup sílẹ̀: ApplicationBase ń sọ fódà tí wọn yóò ti máa wá DLL, ShadowCopyFiles sì ń jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀dà DLL, kí ojúlówó rẹ̀ má baà há. Lọ́dún 2005, .NET 2.0 fi AppDomainInitializer kún un, ìyẹn mẹ́tọ́ọ̀dù tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tuntun bí wọ́n bá ti ń ṣí i. Kìkì ọ̀wọ́ string ló ń gbà. Ó bọ́gbọ́n mu bẹ́ẹ̀, nítorí object kì í ṣàdédé la ògiri kọjá: àfi kí wọ́n dà á kọ, tàbí kí aṣojú máa jíṣẹ́ fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀. Bí assembly, ìyẹn DLL, tó ni mẹ́tọ́ọ̀dù náà kò bá sí níbi tí yàrá tuntun ti ń wá a, FileNotFoundException ni yóò kí wọn káàbọ̀. Bí Type kan bá sì yọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó dá yàrá sílẹ̀, DLL rẹ̀ á tẹ̀ lé e wọ default domain, ìyẹn yàrá àkọ́kọ́ tí process fi bẹ̀rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí process á fi parí.

Síbẹ̀, ó wúlò. ASP.NET fún application kọ̀ọ̀kan ní AppDomain tirẹ̀ nínú process w3wp.exe: tún web.config ṣe, wọ́n á tú ti àtijọ́ ká, wọ́n á dá tuntun, àwọn tó kù nínú process náà kò ní mọ̀ rárá.

Ààbò ni kò sí níbẹ̀. Láti .NET 2.0, exception tí kóòdù kankan kò mú nínú yàrá kan lè pa gbogbo process, StackOverflowException sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí Microsoft fi jàre nígbà tí .NET Core, arọ́pò .NET Framework, pa á tì. Orúkọ AppDomain padà wá nínú .NET Core 2.0 lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n PlatformNotSupportedException ni ẹni tó bá pe CreateDomain yóò rí. Ẹni tó ń wá ìyàsọ́tọ̀, wọ́n ní kó lọ lo process tàbí container.

Fún gbígbé DLL wọlé àti títú u ká, AssemblyLoadContext ni .NET Core fi rọ́pò AppDomain. Ó ti ṣeé tú ká láti .NET Core 3.0 lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ ṣèlérí ògiri. Unload rẹ̀ kì í dá thread kankan dúró bí AppDomain.Unload ti ń ṣe. Bí ìtọ́kasí kan ṣoṣo bá ṣẹ́kù, kóòdù náà á jókòó pa sínú mẹ́mórì. Ó kúkú sọ òótọ́ ju AppDomain lọ. Àmọ́ kò ní ohun tó rọ́pò AppDomainInitializer: pùrógíráámà fúnra rẹ̀ ni yóò fi LoadFromAssemblyPath gbé DLL wọlé, tí yóò wá Type inú rẹ̀, tí yóò sì pe mẹ́tọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Bí ó bá gbàgbé tí DLL tó gbé interface dání fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní Default, lẹ́ẹ̀kan nínú context tuntun, InvalidCastException á dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni interface méjèèjì ń jẹ́.