Ṣé Ọba Yín Ń Ṣe Fíìmù Ni?

Ẹ ti íápíìsì bọ etí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà la ó gbà débẹ̀.

Lọ́dún kan, mo gbé fọ́tò ọdún Igogo sórí WhatsApp. Ọlọ́wọ̀ wà nínú rẹ̀, ó dirun bí obìnrin, ó wọ ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó bi mí pé, "Ṣé ọba yín ń ṣe fíìmù ni?" Ó wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì pa fọ́tò náà rẹ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, nítorí mi ò rí èsì fọ̀. Àfi ìgbà tí mo wo fíìmù kan ni èsì náà tó yé mi.

The Gamers ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Ọdún 2002 ló jáde. Kì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ ńlá Hollywood ló ṣe é o. Dead Gentlemen Productions ni, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pacific Lutheran University ní ìpínlẹ̀ Washington. Matt Vancil ló darí rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìtàn àwọn ọmọ yunifásítì tó jókòó yí tábìlì ká ni, tí wọ́n ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní role-playing game. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀, Dungeons & Dragons, jáde ní 1974. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e kalẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹnì kan ni yóò máa sọ ìtàn: "Ẹ ti wọ inú igbó, àwọn ọlọ́ṣà dúró níwájú yín." Olúkúlùkù àwọn yòókù á ti mú ẹni tó fẹ́ jẹ́: ọ̀kan olè, ọ̀kan oṣó, ọ̀kan jagunjagun. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á wá ju dáìsì. Ó jọ èyí tí a fi ń ta lúdò, àmọ́ tiwọn lè ní ojú ogún. Ohun tí dáìsì bá sọ, abẹ gé. Kò sí igbó lórí tábìlì yẹn, kò sí idà. Òfin ló wà, gbogbo wọn sì gbà á.

Ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Mark. Mark kò wá síbi eré. Nítorí náà, jagunjagun tirẹ̀ kàn dúró gbagidi láàárín àwọn yòókù ni, kò sọ̀rọ̀, kò jà. Ẹni tó ni í kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn.

Mo rẹ́rìn-ín títí, ni mo bá dákẹ́. Mo rántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n.

Àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ sọ pé olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n ni. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tó bá ti oko dé ò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ gbì. Ọba fẹ́ràn rẹ̀, àwọn orogún rẹ̀ ń jowú. Lọ́jọ́ tí ọba kò sí nílé, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n bínú jáde. Wọ́n sá tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò padà. Ó ní kí wọ́n máa ṣe ìrántí òun lọ́dọọdún.

Bí Igogo bá ti dé nínú oṣù Kẹsàn-án, ìlù kò gbọdọ̀ dún mọ́, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kò ní dé fìlà, obìnrin kò ní wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun, á múra bí obìnrin. Mi ò sọ pé Igogo jẹ́ eré orí tábìlì o, ètùtù ìlú ni. Ohun tí mo rí ni pé obìnrin tí kò sí níbẹ̀ ṣì ní àyè láàárín wa, òfin tí gbogbo ìlú gbà ló sì di àyè náà mú fún un.

Ẹ lè ní ìtàn lásán ni. Ó dáa. Ní 1971, Ekpo Eyo, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó nǹkan àtijọ́ fún ìjọba Nàìjíríà, gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Lájà, ní Ọ̀wọ̀ níbí, ibi tí ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n so mọ́. Àwọn ère amọ̀ ló bá níbẹ̀: orí ènìyàn, àti ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Wọ́n ní wọ́n ti wà láti nǹkan bí àwọn ọdún 1400. Wọ́n jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, wọ́n sì tún jọ ti Benin. Ilẹ̀ kò sọ fún wa pé Ọ̀rọ̀nsẹ̀n gbé ayé. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn baba wa ń nàka sí láìní ìwé lọ́wọ́, kì í ṣe ibi lásán.

Mo ti dá fọ́tò náà padà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tún béèrè, mo ní, "Rárá, kì í ṣe fíìmù. Jókòó, kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún ọ."

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀n, Ìdóàní àti gbogbo Ọ̀sẹ́, èèwọ̀ wo lẹ ń pa mọ́ nílé yín tí ẹ ò tíì béèrè ẹni tó ni ín? Ẹ bi ìyá àgbà yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó dìgbà kan ná.