Wáyà Tó Ti Já, Wáyà Tó Ń Já

Bí ọdún iṣu tuntun bá kan Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, àwọn tó ń gbé súpíkà wá máa ń dé pápá ṣáájú ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ẹ fetí sí wọn bí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ: “Wáyà yìí ti já.” “Ó ń kùn.” “Ohùn ń fọ́.” “Wọ́n ti kan ara wọn.” Orúkọ ohun èlò lẹ́nu wọn, ti òyìnbó ló pọ̀ jù: súpíkà, míkísà, jáàkì, máìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ohun èlò náà ń ṣe, àti ohun tó ń ṣe é, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ ná.

Àwọn tó ṣáájú wa kò kúkú ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1935, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn Èkó, àpótí kan lásán ló wà lára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀, èèyàn kò sì lè dá a lóhùn. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìṣe rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1886, wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. “Tẹ wáyà” sì di ọ̀rọ̀ fún fífi iṣẹ́ kánjúkánjú ránṣẹ́. Wọ́n yá orúkọ, wọ́n fi ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa gbé e rìn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990, wúlò gan-an fún olùkọ́ èdè. Àmọ́ ẹni tó ń bó èèpo wáyà lábẹ́ àtíbàbà kò sí nínú kíláàsì yẹn.

Ẹ wo bí a ti ń yẹ wáyà wò. Mítà tó ń dún ni à ń lò. Fi ọ̀kan nínú imú rẹ̀ méjèèjì kan irin kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ wáyà, fi èkejì kan irin kìíní ní ìparí. Bó bá dún, kò já. Wá fi kan irin kìíní níhìn-ín àti irin kejì lọ́hùn-ún. Bó bá tún dún, ọ̀ràn dé, wọ́n ti kan ara wọn nínú. Ìyẹn ni pé “ó dún” nìkan kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn èyí, a ó mi wáyà náà, torí òmíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń ṣiṣẹ́. “Ó ti já” kọ́ nìyẹn, “ó ń já” ni. Sílébù kékeré méjì, “ti” àti “ń”, ti ya àìsàn méjì sọ́tọ̀. Kí la tún fẹ́ fi orúkọ gígùn ṣe níbẹ̀?

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn oníròyìn jà díẹ̀ ni gbohùngbohùn. Wọ́n ti fi í fún máìkì, bẹ́ẹ̀ àpáta ló ni ín. Ìlú olókè ni Ògìdì. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àpáta bá wà ní mítà 170 síbi tí o dúró sí, igbe rẹ yóò padà bá ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ẹ̀rọ ẹ́kò ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń gba ohùn pamọ́ díẹ̀, kó tó tú u sílẹ̀. Kí a dá gbohùngbohùn padà fún un. Máìkì ti ní orúkọ tó tó o.

Èyí tó ta kókó ni wáyà máìkì onírin mẹ́ta. Irin kejì àti ìkẹta ń gbé ohùn kan náà, ṣùgbọ́n ìkẹta gbé tirẹ̀ sódì. Ariwo ojú ọ̀nà ń wọ inú méjèèjì bákan náà, nítorí ìdènà wọn sí ilẹ̀ dọ́gba. Nídìí míkísà, a ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn á di ìlọ́po méjì. Bí a bá pè é ní “wáyà ọgbọọgba”, ẹni tó gbọ́ á rò pé ohùn inú wọn ló dọ́gba. “Onídènà-dọ́gba” ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ wúwo lẹ́nu.

Irin kìíní ni ti bàbà tí wọ́n hun yí àwọn yòókù ká. Ní Ògìdì, ìlú tí Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aṣọ, ti wá, tó sì kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà sí, kò sẹ́ni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé híhun ni. Aṣọ wáyà ni kí a pè é. Mo tẹnu mọ́ ọn, torí àwọn kan ń pè é ní ilẹ̀, wọ́n sì tún ń pe wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀ ní ilẹ̀. Bí míkísà bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí ampulifáyà ní tirẹ̀, tí aṣọ wáyà sì so wọ́n pọ̀, iná á rí ọ̀nà yípo, súpíkà á sì máa kùn. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé aṣọ wáyà ní ẹnu kan ṣoṣo, kíkùn á dá. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó “gé ilẹ̀” á lọ yọ ọ́ lára púlọ́ọ̀gì. Kíkùn á dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá já sára irin ampulifáyà lọ́jọ́ náà, kò ní ojúlówó ọ̀nà tí yóò gbà wọlẹ̀ mọ́, ó sì lè gba ara akọrin tó di máìkì mú.