Ta Ló Jókòó Lórí Àga Ìgbanisíṣẹ́? Ìṣàkóso Òṣìṣẹ́ Nínú Iléeṣẹ́ Àjọni Ṣáínà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ̀wé lórí iléeṣẹ́ tí Ṣáínà bá àjèjì dá pọ̀, ìpín ìdókòwò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi: ta ló ni mélòó? Ṣáínà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tó ṣòfin àjọni ní 1979, tó ń wá owó àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ òyìnbó, ó kọ ọ́ sínú òfin pé ọmọ Ṣáínà ni yóò jẹ́ alága ìgbìmọ̀ olùdarí. Ó di 1990 kí wọ́n tó yọ ọ́. Àga ni wọ́n ń ṣọ́.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká wo Ìgbẹsà. Ní 2007 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn bá àwọn olùdókòwò láti Guangdong tọwọ́ bọ̀wé lórí agbègbè òwò ọ̀fẹ́ tó wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ Zhongfu láti Ṣáínà di alákòóso agbègbè náà fúngbà díẹ̀ ní 2012, ó gba ìpín tó pọ̀ jù ní 2013, ìpínlẹ̀ sì lé e lọ ní 2016. Ní oṣù kẹta 2021, ìgbìmọ̀ onílàjà tí Zhongfu gbé ẹjọ́ lọ bá dájọ́ pé kí Nàìjíríà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là fún un, yàtọ̀ sí èlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé fi jẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bàálù ààrẹ mẹ́ta ní oṣù kẹjọ 2024. Ariwo bàálù yìí bo ohun kan mọ́lẹ̀. Dọ́là 75,000 wà nínú ìdájọ́ náà nítorí ìyà tí ọlọ́pàá fi jẹ ọ̀gá òṣìṣẹ́ Zhongfu kan tó wá láti Ṣáínà. Àdéhùn ààbò olùdókòwò tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ní 2001 ló ṣí ilẹ̀kùn ẹjọ́ yẹn sílẹ̀. Ọmọ Ìgbẹsà tó ń kó táìlì sínú páálí kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé.

Ọ̀nà wo ló wá kù fún un? Òfin 1992 tó dá NEPZA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn agbègbè òwò ọ̀fẹ́, sílẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ nínú agbègbè òwò ọ̀fẹ́ fún ọdún 10 láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Bí aáwọ̀ bá dé, àjọ náà ni yóò parí rẹ̀. Ọdún 10 yẹn gan-an ni àṣà ìgbanisíṣẹ́ ń fìdí múlẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù 3, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kọngílá ló kó èèyàn wá, ta ni agbanisíṣẹ́?

Kì í ṣe pé ọmọ onílẹ̀ kì í ríṣẹ́. McKinsey wo iléeṣẹ́ Ṣáínà tó lé ní 1,000 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 8 ní 2017, Nàìjíríà wà lára wọn: ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọ̀gá, ìdá 44 péré ni. Ìwádìí Yunifásítì SOAS ní London ti 2019 ní Etiópíà àti Àǹgólà fi hàn pé owó oṣù àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn iléeṣẹ́ mìíràn. Ní Sáńbíà, onímọ̀ nípa àwùjọ Ching Kwan Lee rí i pé iléeṣẹ́ bàbà tí ìjọba Ṣáínà ni kò lé òṣìṣẹ́ nígbà tí ọjà kọ̀ ní 2008, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kékeré ló ń san. Èmi ka ìyàtọ̀ láàárín 89 àti 44 sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ogun Waterside, ìjọba ìbílẹ̀ etí òkun Ìpínlẹ̀ Ògùn tí Olókólá wà. Olókólá ni NNPC, Shell, Chevron àti BG ti fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ gáàsì tẹ́lẹ̀, kò bọ́ sí i; Dangote náà gbé iléeṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí Lẹ́kí, ó sì kéde ní 2025 pé òun fẹ́ padà wá kọ́ èbúté. Ní èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023, China Harbour ló ní ìpín tó lé ní ìlàjì, Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ì báà bá Olókólá dá pọ̀, Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso, àwọn ilé ìlagi Ìjẹ̀bú-Igbó sì kún fún ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀rọ lò. Kí ìwé àdéhùn sọ ọdún tí igbákejì tó jẹ́ ọmọ ìlú yóò gba àga lọ́wọ́ àjèjì, kó sì sọ ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí kọngílá tó dé.