Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Agbára epo tí a sé mọ́nú irin ni àwọn ẹ̀rọ ńlá fi ń gbé òkúta níbi tí a bá ti ń wà á, bíi ti Ìbèsè, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ní 2012.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1795, Joseph Bramah, ará Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń fi omi tẹ nǹkan. Nígbà tí ó yá, epo rọ́pò omi. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì rí i pé dípò ọ̀pọ̀ páìpù, àwọn lè lu ihò sínú irin ńlá kan ṣoṣo, kí epo máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ihò tí a lu kò lè ṣẹ́ kọ́nà. Bí a bá fẹ́ kí epo yà, a ó lu ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ láti pàdé rẹ̀, a ó sì dí ẹnu rẹ̀. Ibi tí a bá sì dí lè jò lọ́la. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń lu ihò tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́, kí ó bá ihò kejì pàdé láìsí ohun tí a ń dí.

Àbùjá yìí ní ewu tirẹ̀. Níbi tí ihò méjì bá ti fì pàdé, irin àárín wọn a máa tín-ín-rín. Bí epo bá là á, ó lè gún ara òṣìṣẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí yóò bá gba àbùjá, kí ó kọ́kọ́ wọn irin tí ó kù.