Ìtàn “Take” àti Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ń Bá A Rìn

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, ì báà ṣe ní ilẹ̀ yìí, ì báà ṣe ní òkè òkun, tí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan tí wọ́n ń pè ní “take” kò tíì dà láàmú rí. Bí a bá bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wéré ni yóò dáhùn pé “mú” ni tàbí “gbà”. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kà á pé ìpàdé kan “took place”, tí kò sì rí ẹni tí ó gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tàbí pé àlejò kan “took leave”, tí ohun tí àlejò náà ṣe kò sì ju pé ó dágbére lọ, ìgbà náà ni yóò tó mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, àti pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ó ru èyí tí ó wúwo jù nínú ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi làákàyè nìkan wádìí ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń rìn pọ̀ yóò wá a tì, nítorí inú ìtàn ni ìdí náà wà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé kò mọ “take” rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba wọn fún mímú àti gbígbà ni “niman”, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú “nehmen” tí àwọn ará Jámánì ń lò títí di òní olónìí, ọ̀rọ̀ yìí sì ní àwọn alábàárìn tirẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ọdọọdún tí a ń pè ní Anglo-Saxon Chronicle, tí àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ nígbà ayé Ọba Alfred, bí ẹni méjì bá dẹ́kun ìjà, “friþ niman” ni wọ́n ń wí, bí ìgbà tí a bá ní wọ́n mú àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí ọba bá wàjà tí òmíràn sì gorí ìtẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, “fōn”, ni wọ́n sábà máa ń fà yọ, wọn a sì kọ ọ́ pé lágbájá “fēng tō rīce”, èyíinì ni pé ó di ìjọba mú. Yorùbá kò ní bá wọn jiyàn lórí èyí, nítorí àwa náà ń jẹ ọba, a ń jẹ oyè, a sì ń jẹ gbèsè, láìsí ọbẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 793 ni àwọn jagunjagun orí omi láti ìhà àríwá, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viking, ṣígun wọ ilé ìsìn Lindisfarne. Nígbà tí ó sì di ọdún 865, wọn kò wá kó ìkógun lọ mọ́, ogun ńlá ni wọ́n kó dé láti jókòó. Ìwé ìtàn náà wí pé ní ọdún 868, nígbà tí ogun yìí ti di ìlú Nottingham mú, tí ìjà gidi kò sì wáyé, àwọn ará Mercia, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, bá wọn dá àlàáfíà, ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sì fi sọ ọ́ ni “friþ namon”, láti ara “niman” tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí gbólóhùn yìí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún akọ̀wé náà pé àwọn tí ó ń fi “niman” bá ṣe àlàáfíà ni wọn yóò wá pa “niman” run, láìlo idà.

Èdè tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń sọ jọ ti Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, “taka” ni wọ́n sì ń pe mímú. Lẹ́yìn tí Alfred ti ṣẹ́gun wọn ní Edington ní ọdún 878, tí wọ́n sì pín ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n fẹ́ ọmọ onílẹ̀, títí Cnut, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, fi jọba lórí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1016. Ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ náà ni yóò dà. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkànlá ni “tóc”, èyí tí í ṣe “took” lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú àkọsílẹ̀. Nígbà tí ó sì di àárín ọ̀rúndún kejìlá, tí ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kan ní Peterborough fẹ́ kọ ọ́ pé ìjòyè Anjou kú, Henry ọmọ rẹ̀ sì jogún ìjọba, kò kọ “fēng” mọ́, “toc to þe rice” ni ó kọ. Gbólóhùn àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀-orúkọ àtijọ́ ni, àlejò ni ọ̀rọ̀-ìṣe.

Báyìí ni “niman”, ọmọ bíbí ilẹ̀, arógun-má-sá tí ó ti bá àwọn ọba gba ìṣẹ́gun, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ sẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún fi parí, kò sí i lẹ́nu ọmọlúàbí mọ́. Ẹnu àwọn jàgùdà ni ó sá sí, níbi tí ó ti di olè jíjà, ìdí sì nìyí tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun tí ń jalè inú eré Shakespeare fi ń jẹ́ Nym. Ìdílé rẹ̀ kò tilẹ̀ parun tán: “numb”, tí ó jẹ́ pé ara ti kú tipiri, bí ẹni pé nǹkan ti gbà á lọ, àti “nimble”, ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá, ọmọ “niman” ni àwọn méjèèjì.

Ogun kejì ni ó wá sọ “take” di ọlọ́rọ̀. Lẹ́yìn tí William ti Normandy borí ní Hastings ní ọdún 1066, èdè Faransé di èdè ààfin àti ti ilé-ẹjọ́, àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ bíi “place”, “part”, “pity”, “courage”, “advantage” àti “vengeance” sì ya wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò dá wá. Wọ́n ti mọ́ “prendre” lára nílé wọn, èyí tí í ṣe “mú” ti Faransé, nítorí náà àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì kàn gbé “take” sí ipò rẹ̀, ìyókù sì tẹ̀lé e. “Prendre part” bí “take part”. “Prendre congé”, èyí tí àlejò ń ṣe nígbà tí ó bá tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí ó tó lọ, bí “take leave”. “Leave” tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe lílọ rárá, ìyọ̀ǹda ni, òun nìkan sì ni ọmọ onílẹ̀ nínú gbólóhùn náà. “Friþ” ní tirẹ̀ bá “niman” lọ sí sàréè: “make peace” ni wọ́n ń wí lónìí, “peace” náà sì ti ilẹ̀ Faransé wá.

Láti ìgbà náà ni agbo náà ti ń gbòòrò. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ìtumọ̀ 134 ni ó kà sílẹ̀ fún “take”, ó sì ráhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà àti irú rẹ̀ kò ṣe é dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà a máa wí pé àwọn “take a bath”, tí àwọn ará Ìlú Ọba a sì máa fi “have” sí i, olúkúlùkù a sì máa wẹ̀ mọ́ bákan náà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwádìí ọ̀ràn yìí ti gbilẹ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fún irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ní orúkọ “light verb”, nítorí ó fúyẹ́ ní ìtumọ̀, ni Otto Jespersen, ní ọdún 1942, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, láti ilẹ̀ àwọn tí wọ́n gbé “taka” dé. Ní Jàpáánì sì ni iṣẹ́ náà ti gbóná jù. Harold Palmer, ọmọ London, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1922 gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún ìjọba lórí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún kejì, nígbà tí ó sì di 1933, ó tẹ àkójọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí ń bá ara wọn rìn jáde, nítorí ó ti rí i pé níbi ìsopọ̀ wọ̀nyí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. A. S. Hornby, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Oita láti 1924, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé atúmọ̀-èdè tí òun, Gatenby àti Wakefield ṣe jáde ní Tokyo ní ọdún 1942, nígbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin Jàpáánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oxford tún un tẹ̀ ní 1948. Òun ni Advanced Learner’s tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa mọ̀ bí ẹni mowó.

J. R. Firth ní Yunifásítì London ni ó sọ ìwádìí yìí di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ láti 1951, pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó wà lára ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ nípa àgùtàn tí ó bá ajá rìn nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Michael Halliday, kọ́ni ní Edinburgh, ọ̀nà ìtúpalẹ̀ Halliday yìí ni Ayọ̀ Bámgbóṣé sì lò nínú ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ ní 1966. John Sinclair, ní Birmingham, ni ó wá fi kọ̀ǹpútà da àwọn ìwé àti ìwé ìròyìn jọ fún ìwé atúmọ̀-èdè COBUILD ti ọdún 1987, a sì rí i gbangba pé ìtumọ̀ tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, fífi ọwọ́ mú nǹkan, kọ́ ni “take” wọ́pọ̀ sí jù, bí kò ṣe irú àkànpọ̀ tí a ti ń sọ bọ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ má ṣe kọ “take” nìkan sójú pátákó mọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, kí ọmọ kọ àwọn méjèèjì sínú ìwé rẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo.