Ọtí Ìbílẹ̀ Nínú Agbo Ijó ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọtí ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ jù níbi ayẹyẹ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: ẹmu ọ̀pẹ, ògùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ara ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń dá ẹmu. Igi ògùrọ̀, tí wọ́n ti ń dá ọtí ògùrọ̀, fẹ́ràn irà etí ọ̀sà. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: wọ́n á rẹ ẹ́ títí yóò fi hu, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó kan.

Ẹmu kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ máa ń dùn. Tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti ń kan. Olóde ní láti bá ẹlẹ́mu ṣe àdéhùn ṣáájú, kí agbè lè dé ní ọjọ́ ayẹyẹ gan-an. Níbi ọdún ìbílẹ̀ bí Elúkú ní Ìkòròdú àti Ebì ní Ẹ̀pẹ́, ọtí jẹ́ ohun ètùtù kó tó di ohun fàájì. Kì í ṣe gbogbo ọdún ló ní ọtí nínú, ṣá. Káyòkáyò, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, ṣe tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọdún Mùsùlùmí: oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣàlejò níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ. Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti 28 September 1854 gbà pé èbúté Palma jẹ́ tirẹ̀. Òwò epo pupa gbèrú ní etí ọ̀sà, jíìnì Yúróòpù sì bá òwò wọlé. Nígbà tó yá, owó ibodè orí ọtí di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ìjọba Èkó fi ń rówó.

Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun. Nígbà tí owó wọ́n ní àwọn ọdún 1930, ògógóró gbilẹ̀. Ògùrọ̀ kíkan ni wọ́n ń sè nínú dúrọ́ọ̀mù. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á sì kán sílẹ̀ ní ọtí líle. Ìjọba amúnisìn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì ń kó àwọn tó ń sè é lọ sí kóòtù. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, gìtá tí àwọn atukọ̀ Kru gbé wá ń dún ní ilé ẹlẹ́mu l'Ékòó. Ibẹ̀ ni orin jùjú ti jáde. Tunde King, olórin jùjú, gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1936.

Wọ́n dá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ sì jáde ní 1949. Bíà inú ìgò lè dúró fún oṣù púpọ̀, òfin sì gbà á láyè, ó sì di ọtí òde àríyá. Ìtọ́jú àti òfin ló fa ẹmu àti ògógóró sẹ́yìn, adùn kọ́. Ní 2015, ọtí tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Òndó àti Rivers, àjọ NAFDAC sì fòfin de títà ògógóró nígbà náà.

Ìdáhùn sí ìṣòro méjèèjì, ẹmu tó ń tètè kan àti ògógóró tó léwu, ti wà. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, nítòsí ìlú Benin mọ bí a ṣe ń di ẹmu sínú ìgò kó má bàa kan. Ilé iṣẹ́ Pedro's l'Ékòó sì ń ta ògógóró tí wọ́n sè dáadáa. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá gbilẹ̀ ní etí ọ̀sà, ọtí tí irà Ẹ̀pẹ́ ń pèsè lè tún ní àyè lórí tábìlì níbi eré orin.