Ìgbà Wo Ni Ó Pẹ́ Jù Láti Pe Ẹni Tó Bá Ọmọdé Lòpọ̀ Lẹ́jọ́?

Ọmọ tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún kì í sábà sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn á dákẹ́ títí yóò fi wọ ilé ìwé gíga, ẹlòmíràn á ti di ìyá ọlọ́mọ kí ó tó lè la ẹnu. Ìdí ni pé ẹni tó ṣe é sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ilé fọkàn tán: àbúrò bàbá, aládùúgbò, tíṣà, ọ̀rẹ́ ìdílé, àti nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa, alfa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wá jáde, ẹnìkan nínú mọ̀lẹ́bí á ní, "Ó ti pẹ́ jù. Òfin ò lè gbọ́ ọ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í sábà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tí òfin sọ gan-an ni a fẹ́ là yé ara wa.

Ní Nàìjíríà, ìlànà gbogbo gbòò ni pé ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í gbó. Ẹni tó pààyàn ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè fojú ba ilé ẹjọ́ lónìí. Àyàfi ibi tí òfin bá ti fẹnu ara rẹ̀ dá ọjọ́ sí ọ̀rọ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tó ti dá ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin kékeré.

Òfin ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní ọdún 1916, tí wọ́n sì tún tẹ̀ sínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, sọ ní abala 218 pé ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lòpọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Àmọ́ abala kan náà ní ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù méjì tí ìwà náà wáyé. Abala 221, tó dá lé ọmọbìnrin tó ti pé ọdún 13 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 16, gbé ìjìyà wá sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, oṣù méjì yìí kan náà sì ni ó fún ìdílé. Ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé kò rí irú ààbò yìí nínú òfin kan náà. Ẹ sì kíyè sí i pé kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá lásán. Ẹ lè fẹjọ́ sùn lọ́sẹ̀ kìíní kí fáìlì wá sùn sí tẹ́ṣàn títí oṣù méjì fi kọjá.

Ní oṣù Keje ọdún 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin kan tí Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinúbú gbé wá láti pa gbèdéke oṣù méjì náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn tó kan àwọn ènìyàn wa jù lọ ti wá láti ibòmíràn ṣáájú ìgbà náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ní abala 31 pé ẹnikẹ́ni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lòpọ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n gbére. Kò gbọ́ àwáwí pé ọmọ náà gbà, kò sì gbọ́ pé "mo rò pé ó ti dàgbà ni". Kò dá ọjọ́ kankan sí i. Òfin náà tún sọ pé níbi tí òfin mìíràn bá ti ta kò ó lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, tirẹ̀ ni yóò borí. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ti Èkó wáyé ní 2007. Èkó tún lọ ṣe òfin ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2011, tí ìjìyà bíbá ọmọdé lòpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére.

Nítorí náà, bí ìwà náà bá wáyé ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá sẹ́yìn ní ìlú wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oṣù méjì dẹ́rù bà yín. Ibi tí wàhálà kù sí ni ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ gan-an. Òfin tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí ìwà náà wáyé ni ilé ẹjọ́ máa ń lò, torí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1995 kò lè bọ́ sábẹ́ òfin 2003. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan ṣì wà. Nínú òfin àtijọ́ yẹn, ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, èyíinì abala 357, kò ní gbèdéke. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé wọ́n fipá mú ọmọbìnrin náà, tàbí pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, olùpẹjọ́ ìjọba lè gba ibẹ̀ wọlé. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ gbé irú èyí tọ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tó mọ òfin lẹ́nu nínú àdúgbò.

Ohun tó ń jẹ àkókò ìdílé jù òfin lọ ni ìpàdé. Wọ́n á pe àgbà, àgbà á pe ìmáàmù, ìdílé ọkùnrin á wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á mú owó wá, wọ́n á ní kí a bo àṣírí ọmọ kó lè rí ọkọ fẹ́ lọ́la. A mọ̀ pé ojú àánú ni àwọn mìíràn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ mọ̀ pé abala 127 nínú òfin ọ̀daràn náà sọ pé ẹni tó bá gba owó tàbí ohunkóhun kí ó lè bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ṣẹ̀ sófin fúnra rẹ̀. Bí ọ̀ràn tí ó bò bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére, òun náà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ìyá tàbí bàbá tó gba owó "ẹ má bínú" lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Àkókò mìíràn tún wà tí kò sí nínú ìwé òfin, òun ló sì kúrú jù. Láàárín wákàtí 72 ni dókítà lè fún ọmọ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Bí ọmọbìnrin náà bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, oògùn wà tí kò ní jẹ́ kó lóyún, ṣùgbọ́n kò kọjá ọjọ́ márùn-ún. Ohun tí ìyá sáábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí ó gbé omi kaná, kí ó wẹ ọmọ, kí ó fọ aṣọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ibẹ̀.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni abala 209 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lè sọ tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́ láìbúra, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan dá ènìyàn lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí mìíràn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ìwé dókítà tí ọmọ gbà lọ́jọ́ kejì ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ọjọ́ bá ti lọ, ẹ wá ohun tó kù: ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sọ fún, káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́, iṣẹ́ tí afurasí náà fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ọmọ mìíràn tí ó ṣe irú rẹ̀ fún.

Àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun náà ń bi ìbéèrè yìí, ìdáhùn tiwọn sì yàtọ̀. Ní England àti Wales, ìfipábánilòpọ̀ kò ní gbèdéke, àwọn ènìyàn sì ti lọ sẹ́wọ̀n fún ohun tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Àmọ́ ìwà tó wáyé ṣáájú oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ní ẹ̀ka tirẹ̀: òfin ìgbà náà fún ẹ̀sùn bíbá ọmọbìnrin ọdún 13 sí 15 lòpọ̀ ní oṣù 12 péré. Ọ̀dọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti jogún oṣù méjì tiwa. Owó gbà-má-bìínú tún jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ka àkókò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìbí ejìdínlógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ lè fà á gùn. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ibẹ̀ ṣe parí ní 2022, ó ní kí wọ́n mú gbèdéke náà kúrò, ìjọba sì sọ ní oṣù Kejì ọdún 2025 pé àwọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Scotland ti mú tirẹ̀ kúrò láti 2017.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. New York ti fa ẹjọ́ owó gùn dé ọjọ́ ìbí karùndínlọ́gọ́ta láti 2019. Maryland, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, pa gbèdéke tirẹ̀ rẹ́ pátápátá ní 2023.

Bí ọmọ tí wọ́n bí sí London bá sì wá lo ìsinmi nílé, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú èyí fún un ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, òfin ìbálòpọ̀ wọn ti 2003 gbà kí wọ́n ṣe ẹjọ́ náà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ọmọ náà dúró de tẹ́ṣàn kankan ní Nàìjíríà kí ó tó sọ̀rọ̀.